Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ń pe àwọn oníbàárà mi kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà n'Íbàdàn, lágbègbè Bódìjà: Titus, kótè, ṣawá àti pánlá. Àwọn olóúnjẹ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kò sí WhatsApp lórí rẹ̀. Bí mọ́tò bá já ẹja sílẹ̀ láàárọ̀, mo fẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́, kí ọjà tà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Ẹni tó bá ti fi jẹnẹrétọ̀ mú fíríìsà tutù mọ́jú rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo wá ra yúníìtì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń báni fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà bíi 400 ló wà nínú ìwé mi. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, tàmìtàmì. Mo kí wọn pé “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n”, mo ṣàdúrà fún wọn, mo wá sọ ẹja tó wọlé. Yúníìtì tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin iye tí mo retí. Àwọn oníbàárà mi kan sì wà tí nọ́ńbà wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà.

Ọmọkùnrin kan tún wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ní nọ́ńbà 10,000 ará Ìbàdàn lọ́wọ́, òun á tà á fún mi. Ṣé kí n rà á? Kí ni kí n sì máa kọ tí èèyàn á fi dìde wá sọ́jà? Ẹ má sọ pé kí n pa á tì o. Àwọn tó rí i gbà, ojú ẹsẹ̀ ni mélòó kan nínú wọn pè mí.

Oníkọ̀ǹpútà Ìlọrin

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan, tí àwa ń pè ní péèjì kan, lẹ́tà 160 ló ń gbà, àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà kan péré ló wà nínú àkójọ tí wọ́n ṣètò fún 160 yẹn. A, B, D wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, kódà à, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ, á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà ló máa yí padà, 160 á di 70. Bó bá sì ju 70 lọ, lẹ́tà 67 ni péèjì kọ̀ọ̀kan á máa gbà, torí fóònù nílò àyè díẹ̀ láti so àwọn péèjì náà pọ̀.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: lẹ́tà tó ní àmì sísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí, bíi ọ̀ tàbí ẹ́, méjì ni wọ́n ń kà á sí. Mo ka ìkíni yín yẹn. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n” ti jẹ lẹ́tà 43 nínú 70 kí ẹ tó dárúkọ ẹja rárá. Ibẹ̀ ni ìlọ́po mẹ́rin yẹn ti wá. Àmì náírà (₦) náà kò sí nínú àkójọ yẹn, N lásán ni kí ẹ kọ. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín pàápàá, ohun kan náà ló ń ṣe.

Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà wọ́n láyè lóṣù kìíní 2025 láti fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó tí wọ́n ń gbà, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í tún ṣe ohun tí èèyàn á máa fi kọ lẹ́tà gígùn.

Ní ti àwọn tí kò rí i gbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìpolówó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2016 ni NCC ti pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù pé ẹnikẹ́ni tó bá fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí wọ́n má jẹ́ kí ìpolówó dé orí fóònù rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ti ṣe é tipẹ́tipẹ́ tó ti gbàgbé, ọmọ ló sì bá ẹlòmíràn ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n fi STATUS ránṣẹ́ sí 2442 láti wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, ALLOW ni wọ́n á kọ. Bó bá jẹ́ irú ìpolówó kan pàtó ni wọ́n fẹ́, HELP ni wọ́n á kọ, wọ́n á rí àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n lè mú.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé ọ̀nà kan wà tó ń gba orí STOP yẹn kọjá. Ó wà lóòótọ́. Torí bánkì àti àwọn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé sórí áàpù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kì í ṣe torí kótè. Ẹ má bá wọn dé bẹ̀.

Àǹtí Ṣùúrùlérè

Màmá, èmi gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wà lára àwọn tó kọ STOP. Lójoojúmọ́ ni tẹ́tẹ́, owó yíyá àti ilẹ̀ títà ń dún lórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò fún ní nọ́ńbà rí, kódà nígbà tí mo bá ń sùn. Inú ń bí mi sí orúkọ iléeṣẹ́ wọn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀fọ́ fún mi. Bí ewúro tàbí ṣọkọ rẹ̀ bá dé, á kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí mi láti orí fóònù ara rẹ̀. Kí n tó kà á tán ni mo ti máa ń mú báàgì. Èmi ni mo ní kó máa sọ fún mi, ìyẹn ló fà á. Àwọn 10,000 yẹn ò bẹ̀ yín níṣẹ́. Ẹ má rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ifẹ̀

Ohun tí Àǹtí sọ bá òfin mu. Oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, ìyẹn ìsọfúnni nípa wọn, ní Nàìjíríà, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o. Nọ́ńbà fóònù wà lára dátà yẹn. Òfin náà fún ẹni tó ni nọ́ńbà láṣẹ láti sọ pé òun ò fẹ́ ìpolówó mọ́, ẹni tó ń polówó sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Ẹni tó fẹ́ ta 10,000 nọ́ńbà fún yín, ẹ bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Kò ní í rí èsì fọ̀.

Àwọn 400 tiyín pàápàá, Mà, ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá wá ra ẹja, ẹ ní, “Ṣé kí n máa sọ fún yín bí ẹja bá dé?” Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Aránṣọ Ọ̀yọ́

Kí lẹ ń náwó sí? WhatsApp ni kí ẹ lò. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, àwòrán ẹja á tún wà níbẹ̀. Èmi, orí sítátọ́ọ̀sì mi ni mo ti ń rí iṣẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Bódìjà

Ẹ ṣeun, Aránṣọ. Ẹ wo ìyá kan tó ń yan ẹja fún tà, tó jẹ́ kátọ́ọ̀nù ló ń kó lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ kún fún èéfín láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ wà nínú ìró. Bó bá dún, á yọ ọ́ wò. Kò ní dátà, kò sì fẹ́ rà á. Irú wọn gan-an ló ń kó ọjà tó pọ̀.

Oníkọ̀ǹpútà Ìlọrin

Òótọ́ ni Màmá sọ. Àkójọ tí èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lórí WhatsApp, èèyàn 256 ló ń gbà, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ kò ní í rí i. Àwọn ìyàwó ilé tó ní fóònù ńlá, ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn tó kù, àtẹ̀jíṣẹ́.

Oníkẹ́míìsì Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ tí mo ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn oníbàárà létí pé oògùn wọn ti fẹ́ tán. Mi ò jẹ́ dárúkọ oògùn tàbí àìsàn nínú rẹ̀, torí ọmọ ilé lè gbé fóònù. “Ó ti tó àsìkò kí ẹ yà sọ́dọ̀ wa” ti tó.

Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ jù ni pé kí ẹ pín ìwé yín. Kí ni ẹni tó ń ra ṣawá fún yíyan fẹ́ fi ìròyìn Titus ṣe? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń yan ẹja wà lójú ewé kan, kí àwọn olóúnjẹ wà lójú ewé kejì, kí àwọn tó ń ra kílò kan fún ọbẹ̀ ilé wà lọ́tọ̀. Ẹ fi tiwọn nìkan ránṣẹ́ sí wọn. Yúníìtì á dínkù, ẹnikẹ́ni ò sì ní í sọ pé ẹ ń da òun láàmú. Ọjọ́ tí ẹja ò bá wọlé, ẹ má kọ nǹkan kan. Nígbà tí fóònù bá dún, kó jẹ́ pé ẹja ti wà nílẹ̀ lóòótọ́.

Àdúrà dára, Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ tún ní kí ẹni tó bá wá torí àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín, kí ẹ fún un ní ènì, kí ẹ sì fàlà sínú ìwé. Lópin ọ̀sẹ̀ ẹ óò mọ̀ bóyá owó tí ẹ ná padà wọlé.

Tíṣà Èkìtì

Ó dùn mí pé Yorùbá tó lámì ló ń náni lówó jù. Àwọn tó ṣètò 160 yẹn ò rò tiwa mọ́ ọn. Bí agbára bá ká a, ẹ san owó péèjì méjì kí ẹ kọ ọ́ pé.

Oníkọ̀ǹpútà Ìlọrin

Mo gbà pẹ̀lú yín, Tíṣà, ṣùgbọ́n lórí àwọn fóònù kékeré mìíràn, àpótí lásán ló ń hàn níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà. Ẹ jẹ́ kí àmì pé lára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti lórí WhatsApp. Fún ti èyí, kí Màmá ṣa ọ̀rọ̀ tí kò ní í ṣòro kà láìsí àmì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara wọn wò.

Ìyá Ẹlẹ́ja Bódìjà

Ọlọ́run á san yín lóore. Mi ò ra nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn mọ́. Èyí ni mo kọ fún àwọn olóúnjẹ, nọ́ńbà mi ló máa wà níbi tí mo fi àmì sí:

“Iya Eleja Bodija: Titus tuntun wole laaro yi. Kote naa wa. A maa ta di aago 4. E pe * ki a ba yin fi pamo. E ko DURO si i ti e ko ba fe mo.”

Oníkọ̀ǹpútà Ìlọrin

Pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín, kò tó 160. Péèjì kan ni. Ó dára tí nọ́ńbà yín wà nínú rẹ̀, torí bí orúkọ bá ti wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ dípò nọ́ńbà, ẹni tó gbà á kò lè dáhùn sí i. Orúkọ yẹn kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 11 lọ. ELEJABODIJA pé 11 géérégé. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ tí ẹ ti ra yúníìtì kí wọ́n bá yín forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń dá owó àwọn tó ti kọ STOP padà. Iléeṣẹ́ kan ń dá a padà, òmíràn kì í dá a padà.

Aláyànganrangandan Agbowó

Màmá, Agbowó nítòsí yín ni mo wà, ẹja ni mò ń yan. Ẹ bá mi kọ nọ́ńbà mi sínú ìwé yín. Ṣawá nìkan o, mi ò fẹ́ gbọ́ ti Titus.

Ìyá Ẹlẹ́ja Bódìjà

Ẹ má kọ nọ́ńbà yín síbí, ọmọ ìyá mi, gbogbo ayé ló ń kà á. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù, ojú ewé àwọn tó ń yan ẹja ni mo máa kọ yín sí.