Okùn híhun pọ́ùn mélòó ló tó fún ẹja abẹ́ ojú oró?

Ọmọ Ọ̀yun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà apẹja. Àrọ̀ inú dáàmù Ọ̀yun l'Ọ́fà ni mo fẹ́ fi ìwọ̀ pa, létí ibi tí òṣíbàtà àti ojú oró bá ti bo omi, tí kùkùté sì wà nísàlẹ̀. Okùn híhun pọ́ùn 30 ni mo ní (ìwúwo tó lè gbà kó tó já nìyẹn), fọ́nrán 8 ni wọ́n fi hun ún. Ẹja tí mò ń wá kò ju kílò 4 lọ, pọ́ùn 30 sì lé ní kílò 13. Kí ló dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń pa ẹja bass nínú koríko fi ń lo 50 tàbí 65? Ṣé kì í ṣe àṣejù?

Alfa Asà:
Kì í ṣe àṣejù rárá. Ẹja nìkan kọ́ lo máa fà. Tí àrọ̀ kílò 3 bá yí okùn mọ́ gbòǹgbò ojú oró, òun àti ìdì ewé tutù tó wúwo jù ú lọ ni wọ́n jọ ń bọ̀. Ewé ni kí o fi wọn okùn.

Ibi tó jẹ́ ewé nìkan, 50. Ibi tí kùkùté bá wà, 65. Kò ná ọ ní nǹkan kan: 50 kò nípọn ju bíi mílímítà 0.36 lọ, okùn ọ̀rá pọ́ùn 12 ló jọ. 30 tín-ín-rín jù. Bí o bá fà á tagbáratagbára, á ki ara rẹ̀ bọ àárín èyí tó ti ká sórí ríìlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn sí. Nígbà tí o bá tún ju ìwọ̀, á há pinpin, ìdẹ á já fò lọ.

Apẹja Òmù-Àrán:
Òótọ́ ni Alfa sọ nípa ewé. Okùn híhun kì í nà, ìyẹn ló fi ń gé ewé bí ọ̀bẹ. Àmọ́ kì í gé igi. Ńṣe ló ń wọnú igi jíjẹrà, tí ẹja á wá máa fi rẹ́ igi náà bí ayùn, tí fọ́nrán á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán 4 ni kí o rà. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn, ó ń fara dà á. Fọ́nrán 8 ń dán, ó ń lọ jìnnà, ojú omi gbalasa ló dára fún.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún mítà tó kẹ́yìn okùn, kí o sì fà á kọjá díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ń hu bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, gé mítà 1 dànù, kí o tún un so. Àpáta ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an: tó bá wà nísàlẹ̀, so okùn ọ̀rá pọ́ùn 40 mọ́ ọn níwájú, bíi ààbọ̀ mítà.

Kókó tó ń di ọ̀rá mú máa ń yọ̀ lórí híhun. Ṣẹ́ okùn po sí méjì, ki orí rẹ̀ bọ ojú ìwọ̀, ta kókó lásán, kí o wá mú ìwọ̀ gba inú ojóbó tó kù kọjá. Fi itọ́ rin ín kí o tó fà á le. Palomar ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Ọ̀yun:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ríìlì mi kéré. Ṣé 65 á gbà á?

Alfa Asà:
Á gbà á. Etí ewé lo ti ń pẹja, mítà 70 tó ọ. Ọ̀rá ni kí o kọ́kọ́ ká sí abẹ́, títí yóò fi ku ibi tí 70 yẹn máa gbà. Láìsí ọ̀rá lábẹ́, gbogbo híhun á máa yí lórí ríìlì, wàá rò pé bíréèkì ríìlì, èyí tó ń dá okùn dúró nígbà tí ẹja bá ń fà á, ló bàjẹ́.

Fún bíréèkì dáadáa, kí o yí orí ẹja padà kó tó wọlé. Nítorí náà ìwọ̀ onírin tó nípọn ni o, tín-ín-rín á nà gbọọrọ lábẹ́ 65. Tó bá há mọ́ igi, má ká okùn mọ́ ọwọ́, á gé ọ dé egungun. Ká a mọ́ igi kékeré, kí o máa fi ẹ̀yìn rìn.