Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àmì inequality (àmì "kéré sí" tàbí "tóbi ju") fi ń yí padà? −3 < 5 − 2x ≤ 11

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi fẹ́ ṣe WAEC, a jọ ń ṣe inequality tó ní àmì méjì, ibi tí mo kọ sókè yìí la há sí. A yọ 5 kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku −8 < −2x ≤ 6, ìyẹn yé wa. Àmọ́ ìwé ní −3 ≤ x < 4 ni ìdáhùn. Báwo ni 4 ṣe dé apá ọ̀tún? Ẹ là á yé wa, a ò fẹ́ kàn kọ́ ọ sórí.

Tíṣà Ìṣirò:
Ìbéèrè gidi nìyí, torí wọ́n kàn máa ń ní "tó o bá fi máínọ́ọ̀sì pín, yí àmì", wọn ò ní sọ ìdí ẹ̀. Ẹ wò ó, 2 kéré sí 5 àbí? Ẹ wá fi −1 táìmsì méjèèjì, ó di −2 àti −5, −2 ló wá tóbi jù báyìí, ẹni tó jẹ gbèsè 2,000 ṣáà sàn ju ẹni tó jẹ 5,000 lọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá fi −2 pín, àmì méjèèjì ló máa yí: 4 > x ≥ −3. Ó ti parí, ẹ kàn tún un tò láti kékeré lọ sí ńlá.

Ọmọ Abẹ́òkúta:
Èmi kì í fi máínọ́ọ̀sì pín rárá, mo máa ń là á sí méjì ni. −3 < 5 − 2x, ẹ gbé 2x sọdá, 2x < 8, x < 4. Èkejì, 5 − 2x ≤ 11, −6 ≤ 2x, −3 ≤ x. Ẹ wá dán etí méjèèjì wò: x = 4 fún wa ní −3 < −3, irọ́ ni, ẹ má kun róbótó tiẹ̀ lórí nọ́ḿbà láìnì (ìlà tí wọ́n to nọ́ḿbà sí). x = −3 fún wa ní 11 ≤ 11, òótọ́ ni, ẹ kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé wa! Èyí tó ní "tàbí" ńkọ́? 2x + 1 < −5 tàbí 3x − 4 ≥ 8. A rí x < −3, a rí x ≥ 4. Ṣé ká kọ ọ́ ní 4 ≤ x < −3?

Tíṣà Ìṣirò:
Rárá o! Ohun tíyẹn ń sọ ni pé x tó 4, ó sì tún kéré sí −3, kò sí nọ́ḿbà tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ báyìí: x < −3 tàbí x ≥ 4. Nọ́ḿbà tó bá ti bá ọ̀kan mu ti wọlé. Lórí nọ́ḿbà láìnì, ọfà kan á kọrí sósì, èkejì á kọrí sọ́tùn-ún, àárín ò sí nínú ìdáhùn. Ẹ fi 0 wò ó: 1 < −5 irọ́, −4 ≥ 8 irọ́.