Ṣé ẹ̀tọ́ mi ni owó tí àbúrò mi ń fi ránṣẹ́?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi, olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Nígbà tí àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2024, mo ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní kí owó wọn lè pé. Oṣooṣù ni ó ń fi ₦100,000 ránṣẹ́ sí mi, kò sì tíì yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa, tí àbúrò tirẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún, ti kọ́lé, ó sì ti ra ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí ilé náà ni owó tí mo máa ń dúpẹ́ lé lórí tẹ́lẹ̀ ti di kékeré lójú mi. Bí mo bá gbà á, n kì í sọ pé o ṣé mọ́. Mo mọ̀ pé kò dára, síbẹ̀ ilẹ̀ mi ni mo tà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ìlú òyìnbó ni èmi náà wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó ń gbà lọ. Láti oṣù Kejì 2024, £1,035 ni ìjọba ibí ń gbà lọ́dún kan lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fún ètò ìlera, £776 sì ni ti ọmọ tí kò tíì pé 18, àfi ẹni tí ó bá gba físà òṣìṣẹ́ ìlera. Bí físà bá jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, tọkọtaya àti ọmọ méjì yóò san £10,866 lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, bí físà bá sì tán, wọn yóò tún òmíràn san. Kò sí ẹni tí ń ya fọ́tò ìyẹn ránṣẹ́ sílé.

Ìdáhùn kejì
Ọmọ mi, èmi kò ní pe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ní ìlara. Ṣé o fún un ni, àbí o yá a? Bí o bá yá a, ẹ jọ sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ fẹnu kò sí iye rẹ̀, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fún un, inú rere ni owó oṣooṣù yẹn. Bóyá o kò sọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì rí, ni o ṣe ń fi ilé aládùúgbò díwọ̀n gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Oníbéèrè
Ẹ ṣé, Mà. Níwájú ìyá wa ni mo ti sọ pé mo fún un. Mo kọ̀wé sí i lálẹ́ àná pé mo dúpẹ́ owó oṣù yìí. Ó pè mí láàárọ̀, ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti ń retí kí n sọ pé owó dé.