Báwo ni kí n ṣe fi Star Wars ti 1977 àti ti 2015 wéra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onífíìmù. Mo fẹ́ fi Star Wars ti 1977 àti The Force Awakens ti 2015 han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìtàn kan náà lò. Ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro: rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó gbé àṣírí sínú ń rìn kiri nínú aṣálẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí kò mọ agbára tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Ní ti 1977, àwòrán Death Star, ibùdó ogun ńlá àwọn ọ̀tá, ni rọ́bọ́ọ̀tì R2-D2 gbé. Ní ti 2015, apá kan máàpù ibi tí Luke, akọni fíìmù àkọ́kọ́, wà ni rọ́bọ́ọ̀tì BB-8 gbé.

Ìparí ló dojú rú. Wọ́n ní ti 1977 ni wọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ihò oníwọ̀n mítà 2 péré ni Luke yìnbọn sí láti fọ́ Death Star. Ní ti Starkiller, ibùdó ogun inú ti 2015, àwọn kan ní láti kọ́kọ́ yọ́ wọlé lọ pa ẹ̀rọ ààbò rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Endor nínú Return of the Jedi, fíìmù Star Wars ti 1983, gan-an nìyẹn! Bí mo bá fò ó, àlàyé mi yóò mẹ́hẹ. Bí mo bá fi kún un, àkókò ò ní tó. Ṣé kí n gé ìran Endor nìkan jáde fi hàn wọ́n, àbí kí n fi ogun sílẹ̀, kí n fi ikú Obi-Wan, olùkọ́ Luke, nínú ti 1977 wé ti Han Solo, ọ̀rẹ́ Luke, nínú ti 2015?