Kí ni ká pe Bigelow: àjẹlẹ̀ ni àbí ikọ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn ìgbésí ayé John Bigelow, oníwèé ìròyìn ará Amẹ́ríkà tí ìjọba rẹ̀ rán lọ sí Paris, béèrè ohun tí a ó máa pe ọkùnrin náà lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Wọ́n ní "àjẹlẹ̀" ló wu àwọn, torí ìlú onílùú ni àjẹlẹ̀ ń gbé, tó ń ṣojú ẹni tó rán an.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, tó ń pàṣẹ lé ọba aládé lórí. Ara ohun tó bí ogun Kírìjì nìyẹn, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí títí di 1893, tí Ògèdèǹgbé kó àwọn Èkìtìparapọ̀ lẹ́yìn jà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá ka "àjẹlẹ̀ Amẹ́ríkà ní Paris" á rò pé Amẹ́ríkà ló ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé.

Bigelow kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni. Òun àti William Cullen Bryant ni olóòtú New York Evening Post, kí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, tó rán an lọ sí Paris ní 1861. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò sì ń wá kí ilẹ̀ Faransé gbè sẹ́yìn wọn. Kálàmù tó ti mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀ ló fi ń bá àwọn oníwèé ìròyìn Faransé ṣe pọ̀. Ní 1863, ìwé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tó fi hàn pé ọkọ̀ ogun ni wọ́n ń kàn fún Gúúsù ní Bordeaux àti Nantes; wọ́n gbé e dé iwájú ìjọba Napoleon III, ìjọba sì ní wọn ò gbọdọ̀ kó ọkọ̀ náà fún Gúúsù. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ikọ̀, ẹni tí a rán jíṣẹ́, nìyẹn! Nínú Bíbélì Yorùbá, ikọ̀ fún Kristi ni Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé "ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù" wà lẹ́nu gbogbo wa báyìí, ṣùgbọ́n "ikọ̀ ìjọba" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. "Aṣojú" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí àwọn aṣojú-ṣòfin ti gbà á. Ní ti "olóòtú", orúkọ iṣẹ́ tó ṣe nídìí ìwé ìròyìn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ta kókó ni pé iṣẹ́ méjì ni Bigelow ṣe. Ní 1861, ọ̀rọ̀ òwò àti ti àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tó wà ní Paris ni wọ́n ní kó máa mójú tó. Ní 1865 ló wá di ẹni tó ń gbé ohùn ìjọba rẹ̀ lọ bá ọba Faransé. Èkejì ni ikọ̀ ìjọba. Èkíní ńkọ́? "Ikọ̀ ìṣòwò" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ó há jù. Àwọn Òṣómàáló wa fi aṣọ àwìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká. Bí ọ̀ràn bá dé bá wọn ní ìlú onílùú, ta ló ń gbẹnu sọ fún wọn, kí sì ni wọ́n ń pè é? Mo fẹ́ bi àwọn ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin Ọwá, léèrè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì tẹ orí ìwé yẹn jáde.