Ìtọ̀mọ́lẹ̀ kọ́, ìfìmọ́lẹ̀darí ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Láti àná tí ẹ̀gbọ́n wa ti dábàá "ìtọ̀mọ́lẹ̀" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún bí sẹ́ẹ̀lì ìbísí ewéko òkun ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀ (phototaxis lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni ara mi ò ti balẹ̀. Ẹ pè é sókè kí etí yín gbọ́ ọ. Ìtọ̀, mọ́lẹ̀! Ọmọ iléèwé wo ni kò ní bú sẹ́rìn-ín?

Ẹni tó ní ká sọ ọ́ di "ìtọmọ́lẹ̀", ká fara wé ìtajà, kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọjà kò gbé ohùn ìsàlẹ̀ síwájú. Ìmọ́lẹ̀ gbé e, bíi ìwé. "Ka ìwé" di kàwé, ó di ìkàwé: fáwẹ́lì lọ, ohùn rẹ̀ kù. Ní ti gírámà, ẹ̀gbọ́n wa ò jẹ̀bi. Etí ló kọ̀ ọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ẹ wo Ulva, ewéko òkun aláwọ̀ ewé kan. Sẹ́ẹ̀lì takọtabo rẹ̀ ní okùn ìlúwẹ̀ẹ́ méjì-méjì, wọ́n á sì forí lé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí akọ àti abo bá ti pàdé tí wọ́n di ọ̀kan, wọ́n á kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ kan náà, wọ́n á wá àpáta lọ nísàlẹ̀. Ṣé wọ́n ṣì ń "tọ̀" ọ́ nígbà náà?

Òkun jìnnà sí Ifẹ̀, àmọ́ mo ti rí irú rẹ̀ nínú omi adágún aláwọ̀ ewé tí a bù sínú ife, tí a gbé sójú fèrèsé. Kó tó di ọ̀sán, àwọ̀ ewé náà, tí í ṣe ewéko omi tín-tìn-tín, ti rọ́ sápá ibi tí oòrùn ti ń wọlé, apá kejì mọ́ gaara. Kò sẹ́ni tó fà á. Òun ló gbéra. Ìyá àgbà mi ní Mòòrè máa ń fi àfòpiná hàn wá lẹ́bàá àtùpà. Fò, pa, iná, kòkòrò ló ni gbogbo iṣẹ́ inú orúkọ yẹn.

Nítorí náà, "ìfìmọ́lẹ̀darí" ni mo mú wá. Ìfìwéránṣẹ́ ni mo wò kọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì ń fi ìmọ́lẹ̀ darí ara rẹ̀: ìbáà darí síbẹ̀, ìbáà darí kúrò.

Ẹni tó kọ "àtọ̀ ewéko òkun" fún sẹ́ẹ̀lì ìbísí náà ńkọ́? Akọ nìkan ló ní àtọ̀. Ti Ulva, takọtabo ló ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kí lẹ máa wá pe ti abo? Mo ń retí èsì o.