Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó pàǹtí lọ sí ibùdó àtúnlò

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Yàrá kan la palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nílé wa, ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: páálí, ìgò, agolo, ike, fóònù méjì tó ti bàjẹ́, bátìrì, àti kẹ́ẹ̀gì epo ẹńjìnì tó ti dúdú. Mi ò fẹ́ dáná sun ún, mi ò sì ní dà á sí gọ́tà. Ibùdó àtúnlò ni mo fẹ́ kó o lọ, àmọ́ mi ò débẹ̀ rí. Báwo ni kí n ṣe é?

Àjàní: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tí ibùdó kan ń gbà, òmíràn lè má gbà á. Mi ò pè lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, èmi náà ni mo tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo padà sílé.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ni kí ẹ ti ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣan agolo àti ike, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Páálí tí epo bá ti rin, ẹ má kó o mọ́ èyí tó mọ́, torí epo ń ba bébà tí wọ́n fẹ́ tún ṣe jẹ́. Ẹ yí ike dojú dé, ẹ ó rí nọ́ńbà nínú onígun mẹ́ta: 1 sábà máa ń wà lára ìgò omi, 2 lára kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ olómi. Méjèèjì yìí ni wọ́n ń gbà jù. Àpò ọ̀rá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi di ẹrù fún wọn, ó máa ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣa pàǹtí.

Atúnfóònùṣe: Bátìrì ló ká mi lára jù mà. Ti fóònù yẹn, bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ láàárín páálí, iná ló máa sọ. Ẹ fi sẹlotéèpù bo ẹnu rẹ̀, ìyẹn ibi tí iná ń gbà jáde, kí ẹ gbé e sọ́tọ̀. Èyí tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa àwòrán àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ́, kí ẹ yọ síìmù. Epo yẹn náà, ẹ má da omi tàbí kẹrosíìnì mọ́ ọn, ó lè ṣòro fún wọn láti tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ife tánganran tó fọ́ ńkọ́, ṣé kí n kó o mọ́ ìgò?

Àbẹ̀kẹ́: Rárá o, mà. Iná tó ń yọ́ ìgò kì í yọ́ tánganran, èérún rẹ̀ á kàn wà nínú ìgò tuntun ni.

Ìyá Ìbejì: Mo ti yọ ọ́. Mo pè wọ́n ná, wọ́n ń gba epo, àmọ́ kí n dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì dáadáa. Lọ́la ni mo ń lọ.